Backup VM ń gba wákàtí 7 lóru: kí ló ń jẹ àkókò náà, kí sì ni sọ́fítíwíà tuntun lè ṣe sí i?

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa n'Íbàdàn. Server kan la ní, Proxmox VE tó ń pín server kan sí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ló wà lórí ẹ̀, VM 5 (ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà náà) ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, dísìkì gbogbo wọn sì tó 1.2 TB. Alaalẹ́ ni mò ń ṣe backup wọn sórí dísìkì USB kan. Aago 11 ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń di nǹkan bí aago 6 àárọ̀ kó tó parí. Àwọn tó bá tètè wọlé sórí áàpù àkáǹtì máa ń ní ó ń rìn bí ìgbín. Lóṣù tó kọjá VM kan bàjẹ́, odidi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà mí kí n tó dá a padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi backup sílẹ̀, kí n máa ya snapshot. Ẹlòmíràn ní sọ́fítíwíà ìgbàlódé ti wà tó ń dá VM padà ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé òótọ́ ni àbí ẹnu oníṣòwò? Kí ni kí n ṣe tí kò ní ná ẹgbẹ́ lówó gọbọi?”

Ìbéèrè 3 ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ kàn dì wọ́n pọ̀ ni: ìdí tí backup fi ń pẹ́, ìdí tí áàpù fi ń falẹ̀ nígbà tí backup bá ń lọ, àti ìdí tí dídá VM padà fi jẹ odidi ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa ìkejì. Òótọ́ ni pé sọ́fítíwíà ti dára sí i, ó sì dára gan-an ni, ṣùgbọ́n ibi tó ti dára jù ni ibi tí a ti ń kó nǹkan pamọ́. Ibi tí a ti ń kó o jáde ṣì wà lọ́wọ́ dísìkì tí ẹ̀dà yín ń gbé, dísìkì yẹn gan-an ló sì máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n rà lówó pọ́ọ́kú jù nínú ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ snapshot kúrò nílẹ̀. Snapshot kì í ṣe ẹ̀dà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fa ìlà sínú ìwé gbèsè, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tó wà lókè ìlà mọ́, ìsàlẹ̀ ni ká máa kọ tuntun sí. Inú ìwé kan náà ni òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Bí dísìkì server bá jóná, tàbí tí olè gbé server lọ, snapshot bá a lọ nìyẹn. Ibi tó ti wúlò ni pé kí ẹ yà á kí ẹ tó ṣe àtúnṣe sí Windows tàbí sí áàpù àkáǹtì: bí àtúnṣe bá dàrú, ẹ padà sẹ́yìn kíá, bó bá dára, ẹ pa snapshot rẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. VMware, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà VM, fúnra wọn ní kí snapshot kan má pẹ́ ju wákàtí 72 lọ, torí bó bá ṣe ń pẹ́ ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà ń wú, pípa á rẹ́ á wá di wàhálà tí VM máa fara gbá.

Ó ku wákàtí 7 yẹn. Vzdump, irinṣẹ́ backup inú Proxmox VE, tó ń kọ fáìlì sórí USB kò mọ àná yàtọ̀ sí òní. Lálaalẹ́ ló ń ka dísìkì VM látòkèdélẹ̀, tó ń fún un pọ̀, tó ń kọ ọ́ jáde, ìbáà jẹ́ pé rìsíìtì 3 péré ni akáùńtáǹtì tẹ̀ lọ́jọ́ náà. 1.2 TB ní wákàtí 7 jẹ́ nǹkan bí 48 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye yẹn sì mú mi fura sí ihò tí ẹ ki dísìkì náà bọ̀. Ẹ tẹ lsusb -t lórí server. Bí 480M bá hàn níwájú dísìkì yín, USB 2.0 lẹ wà. Ẹ ṣí i lọ síbi tó bá máa fi 5000M hàn. Ẹ tún wo ètò backup náà: bí compression (bó ṣe ń fún ẹ̀dà pọ̀) bá wà lórí GZIP, ẹ yí i sí ZSTD, torí gzip lọ́ra púpọ̀ jù ú lọ. Méjèèjì yìí ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, wọ́n sì lè gé wákàtí mélòó kan kúrò. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù náà ni yóò ṣì máa rù lálaalẹ́.

Ohun tó sọ ẹrù yẹn di fúyẹ́ ni pé kí ètò tó ń gbé VM ró máa sàmì sí ibi tí VM bá kọ nǹkan sí. VMware gbé irú rẹ̀ jáde pẹ̀lú vSphere 4 lọ́dún 2009, Changed Block Tracking ni wọ́n pè é. Microsoft fi tiwọn sínú Hyper-V Windows Server 2016. Ní ti Proxmox tí ẹ̀ ń lò, Proxmox Backup Server, sọ́fítíwíà ọ̀tọ̀ tí ilé kan náà ṣe fún backup, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní November 2020, ló ń lò ó, dirty bitmap ni wọ́n sì ń pe ìwé àmì náà. Ẹ fojú inú wo ìwé kan tí gbogbo 4 MiB lórí dísìkì ní àpótí tirẹ̀ nínú ẹ̀. VM kọ nǹkan sí ègé kan, QEMU (ètò inú Proxmox VE tó ń gbé VM ró) fi àmì sí àpótí ègé yẹn. Bó bá di alẹ́, ègé tó ní àmì nìkan ni backup ń kà. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn VM yín ń yí 15 GB padà lójúmọ́: lórí 48 MB kan náà tí ẹ ní lónìí, ìṣẹ́jú 5 àti díẹ̀ ni. Kò sí ẹnu oníṣòwò níbẹ̀, ìṣirò lásán ni.

Àmọ́ inú mẹ́mọ́rì ni ìwé àmì yẹn ń gbé, lọ́wọ́ QEMU tó ń gbé VM náà ró. Bí Windows bá restart láti inú ara rẹ̀, ìwé kò lọ síbì kankan. Bí ẹ bá pa VM pátápátá, tàbí tí server fúnra rẹ̀ kú, ìwé di òfìfo. Backup tó bá tẹ̀ lé e ní láti tún ka 1.2 TB náà tán kó tó mọ ohun tó yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 15 GB yẹn náà ló máa fi ránṣẹ́. Bí dísìkì server bá ń ka 150 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 13 ni kíkà yẹn. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹni tí UPS rẹ̀ kò lè gbé server títí jẹnẹrétọ̀ á fi dáhùn yóò máa rí backup ìṣẹ́jú 5 lónìí, ti wákàtí 2 lọ́la, yóò sì rò pé sọ́fítíwíà ló ń ṣe ségesège. Ojú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà ló ń sọ òótọ́: “dirty-bitmap status: created new” ni pé ìwé òfìfo ló fi bẹ̀rẹ̀, “OK” pẹ̀lú iye GiB tó yí padà ni pé ó rí ìwé àná.

Ìwé àmì lè parọ́ náà. Lọ́dún 2014, àṣìṣe kan hàn nínú ti VMware: bí wọ́n bá fẹ dísìkì VM kan títí tó fi kọjá 128 GB, ìwé náà lè má dárúkọ gbogbo ègé tó yí padà mọ́. Backup ń parí, àmì àṣeyọrí ń hàn lójú, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì pé. Wọ́n ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ pa VM kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní òpin ọ̀sẹ̀ kí ẹ sì tún un tan, kí backup alẹ́ ọjọ́ yẹn ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyípadà kejì wà nílé ìpamọ́ fúnra rẹ̀. Proxmox Backup Server ń gé dísìkì VM sí ègé 4 MiB, ó ń ṣírò SHA-256 (iye kan tó dà bí ìtẹ̀ka) ègé kọ̀ọ̀kan, iye yẹn ló sì ń fi sọ ègé náà lórúkọ. Ègé tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nílé, kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀dà ọjọ́ 30 lè wà níbẹ̀ láìgba ààyè ìlọ́po 30, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dá dúró bí odidi: ẹ pa ti ọjọ́ Ajé rẹ́, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ègé kan tí gbogbo ẹ̀dà 30 jọ ń lò, bó bá bàjẹ́, gbogbo wọn ló bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣètò Verify Job, kó máa yẹ ẹ̀dà tuntun wò lójoojúmọ́, kó sì máa tún àtijọ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ 30. Bó bá rí ègé tó bàjẹ́, ó ń fi .bad sí ìdí orúkọ rẹ̀, bí irú ègé bẹ́ẹ̀ bá sì ṣì wà lórí VM, backup tó ń bọ̀ lè tún un fi ránṣẹ́. Ohun kan tún máa ń bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú: wọ́n pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, ààyè ò pọ̀ sí i. Prune kàn ń yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ni. Garbage collection ló ń kó ègé tí kò ní olówó mọ́ dànù, kì í sì í fọwọ́ kan èyí tí wọ́n lò láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 5 sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí dísìkì kún dé góńgó kí ẹ tó rántí rẹ̀. Tó bá ti dé 80%, ẹ ti ń ronú.

Ti áàpù tó ń rìn bí ìgbín, ọ̀pọ̀ rò pé CPU ló rẹ̀. Ibi ìkọ̀wé ni ìdíwọ́ wà. Nígbà tí backup bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 11, QEMU ti ṣèlérí pé bí dísìkì ṣe rí ní aago 11 gan-an ni òun máa gbà sílẹ̀. Ní aago 5 ààbọ̀ àárọ̀, ẹnì kan tẹ owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan wọlé, àkọsílẹ̀ náà sì fẹ́ bọ́ sórí ègé tí backup kò tíì dé. QEMU á ní kó dúró ná, kí òun kọ́kọ́ gbé ohun àtijọ́ tó wà níbẹ̀ lọ sí backup. Ìgbà tí USB bá gba ohun àtijọ́ yẹn tán ni tuntun tó lè wọlé. Ìyẹn ni pé títí backup á fi parí, ìkọ̀wé VM yín kò lè yára ju dísìkì USB yín lọ. Bí ibi ìpamọ́ bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já, VM lè dúró gbagidi. Proxmox VE 8.2, ti April 2024, ló mú fleecing wá fún èyí: ààyè kan lórí dísìkì tó yára nínú server ni ègé àtijọ́ ń bọ́ sí, VM ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, backup á wá kó o níbẹ̀ nígbà tó bá ráyè. Ẹ lọ sí Datacenter, Backup, ẹ ṣí ètò yín, ẹ lọ sí Advanced, ẹ tan Fleecing, kí ẹ yan local-lvm, ààyè ìpamọ́ inú server, tó bá jẹ́ LVM-thin (irú èyí tó ń gba kìkì ààyè tó bá lò) lórí SSD. Fún ìdánwò VM kan ṣoṣo, vzdump 105 --fleecing enabled=1,storage=local-lvm, níbi tí 105 ti jẹ́ nọ́ńbà VM. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ o. Ohun tó ń bọ́ síbẹ̀ lè tóbi tó dísìkì VM fúnra rẹ̀ bí òru bá gbóná, tí local-lvm bá sì kún, àwọn VM tó ń gbé lórí rẹ̀ ló máa jìyà. Tí ẹ bá ní SSD kékeré kan tí ẹ lè yà sọ́tọ̀ fún un, backup nìkan ni yóò kùnà bó bá kún.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè tí mi ò lè fò. Bí backup bá mú VM láìsọ fún un, ẹ̀dà náà dà bí ìgbà tí ẹnì kan fa wáyà iná rẹ̀ yọ lójijì. QEMU guest agent, ètò kékeré kan tó ń gbé nínú VM, ló ń sọ fún un. Lórí Debian tàbí Ubuntu, apt install qemu-guest-agent; lórí Windows, inú CD virtio-win ló wà, ó sì ń bá VSS ṣiṣẹ́, ìyẹn ètò Windows tó ń mú kí fáìlì wà létòlétò kí wọ́n tó ya ẹ̀dà wọn. Ẹ tan án nínú Options VM náà, kí ẹ pa VM pátápátá, kí ẹ tún un tan. Restart láti inú Windows kò tó. Ẹ fi qm agent 105 ping dán an wò: bí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti ń ṣiṣẹ́, àṣìṣe ló máa ń pariwo. Bí áàpù yín bá ń lo MariaDB tàbí MySQL, táblì InnoDB mọ bí a ṣe ń tún ara ẹni ṣe lẹ́yìn irú ìdádúró bẹ́ẹ̀, MyISAM ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kúkú jẹ́ kí mysqldump máa kọ dátábéèsì sílẹ̀ nínú VM náà ní aago 10 ààbọ̀, kí backup aago 11 kó o lọ: --single-transaction fún InnoDB, --lock-all-tables tí MyISAM bá wà níbẹ̀.

Wàyí o, ìṣẹ́jú kan tí wọ́n sọ fún yín. Ó wà lóòótọ́. Veeam ti ń ṣe é láti 2010, Proxmox VE sì mú tirẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀dà 6.4 ní 2021, live-restore ni wọ́n ń pè é. VM á ti tàn kí dísìkì rẹ̀ tó dé. Ègé tó bá béèrè tí kò tíì dé, wọ́n á sáré lọ gbé e wá láti orí ẹ̀rọ backup. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé VM tàn kì í ṣe pé VM ti ṣeé lò: bí dísìkì backup bá jẹ́ HDD tó ti dàgbà, Windows lè fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú pòòyì kó tó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Èyí tó tún le jù ni pé bí ẹ̀rọ backup bá kú, tàbí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já kí ìdápadà tó parí, gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú VM láti ìgbà tó ti tàn ló ṣòfò. Fún VM tó ń pín fáìlì, ẹ lò ó. Fún ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́, ó dìgbà tí server, switch àti ẹ̀rọ backup bá jọ wà lórí UPS. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣe sùúrù kó parí. Sùúrù yẹn kò sì pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 1 Gbit, nǹkan bí 110 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá, VM 300 GB á dé ní ìṣẹ́jú 45, gbogbo 1.2 TB ní wákàtí 3, tí dísìkì backup bá lè sáré bẹ́ẹ̀. Ẹ dá Verify àti garbage collection dúró ná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí orí HDD má bàa máa sá káàkiri láàárín iṣẹ́ 3. Bó bá sì jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ni ẹnì kan ṣèèṣì pa rẹ́, ẹ má dá odidi VM padà: bọ́tìnnì File Restore lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dà náà á jẹ́ kí ẹ mú fáìlì yẹn nìkan.

Ní ti owó, ẹ lè dúró síbi tí ẹ wà, kí ẹ yí ihò USB padà, kí ẹ lo ZSTD àti fleecing, kí ẹ sì ra dísìkì kejì tí ẹ ó máa fi pààrọ̀ àkọ́kọ́. Ó dára ju ohun tí ẹ ń ṣe lónìí lọ. Veeam náà ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Proxmox láti 2024, Community Edition rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún VM 10, àmọ́ ètò tó tóbi ni fún ilé tó ní VM 5. Èyí tí mo fara mọ́ ni Proxmox Backup Server lórí kọ̀ǹpútà desktop àtijọ́ kan tó ní mẹ́mọ́rì 8 GB. Sọ́fítíwíà náà ọ̀fẹ́ ni, ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ṣe é ni wọ́n ń gbowó lé. HDD méjì tó jẹ́ 4 TB ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mirror ZFS (ohun tó wà lórí ọ̀kan wà lórí ìkejì), pẹ̀lú SSD kékeré 2, àwọn náà ní mirror, gẹ́gẹ́ bí special device, ibi tí ZFS ń kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn fáìlì sí. 1.2 TB jẹ́ nǹkan bí ègé 286,000. Garbage collection ní láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ni SSD yẹn ń gbà lọ́rùn HDD. Ẹ má fi SSD ẹyọ kan ṣoṣo ṣe é: bó bá kú, gbogbo pool (àkójọ dísìkì náà) bá a kú. Ẹ má sì fi Proxmox Backup Server ṣe VM nínú server kan náà. Ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́ inú ilé tó fẹ́ ṣí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò tó ń ti fáìlì pa tó ń béèrè owó máa ń wá backup kiri kó tó ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣẹ̀dá aṣàmúlò kan lórí ẹ̀rọ backup, kí ẹ fún un ní ipò DatastoreBackup nìkan, òun sì ni kí server máa fi wọlé: ó lè kọ ẹ̀dà, ó lè dá a padà, kò lè pa á rẹ́. Prune á wá máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ backup fúnra rẹ̀. Keep-last 3, keep-daily 14, keep-weekly 8, keep-monthly 12, ìyẹn iye ẹ̀dà tí prune á fi sílẹ̀, tó fún yín. Bí ẹ bá ní ẹ̀ka ọ́fíìsì mìíràn, ẹ fi ẹ̀rọ kejì síbẹ̀ kó máa fa ẹ̀dà lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ má sì tan “Remove vanished”, kí ohun tí wọ́n pa rẹ́ níbí má bàa parẹ́ lọ́hùn-ún. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì 20 Mbps, 1.2 TB àkọ́kọ́ á gba ọjọ́ 5 ààbọ̀, nítorí náà ẹ gbé ẹ̀rọ kejì wá sí ọ́fíìsì fún ti àkọ́kọ́, kí ẹ tó gbé e lọ. Ọjọ́ 5 ààbọ̀ yẹn náà ló máa gbà láti padà. Ní 14 March 2024 tí okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan, MainOne wà nínú àwọn tó já, ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun kàn ń wòran ni. Bí ẹ bá tan encryption, orí server ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, nínú /etc/pve/priv/storage. Server jóná, kọ́kọ́rọ́ jóná, ẹ̀dà di òkúta. Ẹ fi proxmox-backup-client key paperkey tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ tì í mọ́ àpótí owó.

Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ dá VM àkáǹtì padà sí nọ́ńbà tuntun, bíi 905, ẹ má ṣe é lórí 105, torí dísìkì tó wà níbẹ̀ á pa rẹ́. Ẹ tan Unique kó gba MAC (nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tuntun, kí ẹ yọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ẹ tó tan án, kí àdírẹ́ẹ̀sì IP kan náà má bàa wà lórí ẹ̀rọ 2. Ẹ wọlé sínú áàpù, ẹ ṣí àkáǹtì ọmọ ẹgbẹ́ kan, kí ẹ wò ó bóyá owó tó san kẹ́yìn kí backup tó bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ kọ aago tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti aago tí áàpù ṣí sílẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ bí wọ́n bá bi yín pé ìgbà wo ni iṣẹ́ máa padà, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan tí ẹlòmíràn sọ.